Ìṣákọ́lẹ̀ Orí Fóònù

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fa àròkọ yìí. Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa nínú iṣẹ́ ògbufọ̀ pín wa ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ó ní kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan wá ìròyìn kan tí kò jẹ mọ́ àṣà Yorùbá rárá, kí a sì sọ ọ́ di Yorùbá tí ìyá ẹni lè kà kó sì yé e láì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Àwọn kan mú ìròyìn bọ́ọ̀lù. Àwọn kan mú ìròyìn nípa ibà. Àwa mẹ́ta, a mú ẹjọ́ Qualcomm.

A rò pé yóò rọrùn. Ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ń ṣe ṣíìpù fóònù. Wọ́n ní ó ń fún àwọn tó ń bá a díje lọ́rùn. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó jẹ̀bi, ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó bọ́. Kí ló tún kù? Ojú ewé méjì péré ni ìròyìn náà. Àmọ́ òru méjì la fi jókòó ti ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni "royalty", owó tí ẹni tó ń lo ìhùmọ̀ ẹlòmíràn máa ń san fún ẹni tó ni ín. Kí ni ká pè é ní Yorùbá?

Ọ̀kan nínú wa ò tiẹ̀ gbé orí sókè tó fi dáhùn pé, "Ìṣákọ́lẹ̀ ni."

Ẹnì kejì fò dìde. "Ká má rí i! Bó o bá ti kọ ìṣákọ́lẹ̀ síbẹ̀, o ti dá ẹjọ́ náà tán nìyẹn."

Ẹnì kẹta ní kí àwọn méjèèjì jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun parí ẹ̀bà òun.

Kí ìjà tó le, a kọ́kọ́ yẹ fóònù ara wa wò. Mẹ́ta ló wà lórí tábìlì: Tecno kan, Infinix kan, itel kan. A wá orúkọ ṣíìpù tó wà nínú wọn. Méjì jẹ́ ti MediaTek, ìyẹn ilé iṣẹ́ kan ní Taiwan. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti Unisoc, ará Ṣáínà. Kò sí Qualcomm kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ara wa balẹ̀. A ní ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni, kò kàn wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ẹni tí Qualcomm jẹ́. Ọdún 1985 ni Irwin Jacobs, Andrew Viterbi àti àwọn márùn-ún mìíràn dá a sílẹ̀ ní ìlú San Diego, ní ìpínlẹ̀ California. Ohun tó sọ wọ́n di olókìkí ni ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní CDMA. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ lo Starcomms tàbí Visafone rí, CDMA lẹ lò. Àwa, ìtàn rẹ̀ la gbọ́.

Bó ṣe yé wa nìyí. Ojú òfuurufú tí fóònù ń gbà sọ̀rọ̀ kò fẹ̀ tó bí èèyàn ṣe rò. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá fẹ́ pe ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà kan ni kí a pín àkókò fún wọn: kí ìwọ sọ tìrẹ díẹ̀, kí èmi náà sọ tèmi díẹ̀, ní wàràwàrà débi pé etí ò ní mọ̀. Bí GSM àkọ́kọ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni ti ọjà Bódìjà: kí gbogbo èèyàn máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ kí ẹni méjì-méjì ní èdè tiwọn. Alátà tó gbọ́ Yorùbá máa mú ohùn oníbàárà rẹ̀ láàárín ariwo àwọn tó ń fi Hausa dúnàádúrà màlúù. Ariwo yẹn ò dí i lọ́wọ́, torí etí rẹ̀ ò gbà á wọlé. CDMA ń fún ìpè kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, fóònù tó bá mọ àmì yẹn ló máa ṣa ohùn yẹn yọ nínú ariwo.

Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ò gbà pé ó lè ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Gúúsù Kòríà gbà á mọ́ra nígbà tí ayé ṣì ń ṣiyèméjì, àwọn ará ìlú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó ní 1996. Nígbà tí 3G dé, àní àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lo GSM tẹ́lẹ̀ gan-an, orí CDMA ni wọ́n kọ́ 3G tiwọn lé. Bí ọgbọ́n Qualcomm ṣe wọ inú fóònù tí kì í ṣe ti Qualcomm nìyẹn.

Ibí ni òfin ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Kí fóònù tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà tó lè bá òpó nẹ́tíwọ̀kì tí àwọn ará Sweden ṣe sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ti fẹnu kò sórí ìlànà kan náà. Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń péjọ sábẹ́ àwọn ẹgbẹ́ bíi ETSI àti 3GPP láti kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Bí ìhùmọ̀ rẹ bá bọ́ sínú ìlànà yẹn, kò sẹ́ni tó máa ṣe fóònù láì gba orí rẹ̀ kọjá. Agbára ńlá ni. Nítorí agbára yẹn, wọ́n máa ń ní kí ẹni tó ni ìhùmọ̀ ṣe ìlérí pé òun á jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn lò ó, lọ́nà tó tọ́, tó mọ níwọ̀n, tí kò sì ní ojúsàájú. FRAND ni ìkékúrú rẹ̀. Wákàtí kan gbáko la fi wá ọ̀rọ̀ fún un. Nígbà tí a parí, a rí i pé kò sí iye owó kankan nínú ìlérí náà. Ta ló máa sọ ohun tó mọ níwọ̀n? Ṣé ẹni tó ń gbowó ni àbí ẹni tó ń san án?

Òwò méjì ni Qualcomm ń ṣe pọ̀. Ó ń ta ṣíìpù. Ó sì ń gbowó lórí ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀, ohun tí òfin Òyìnbó ń pè ní patent. Ìjà dá lórí bó ṣe so òwò méjèèjì mọ́ra. Ohun mẹ́ta ni àwọn tó pè é lẹ́jọ́ tọ́ka sí.

Àkọ́kọ́, kì í ta ṣíìpù fún ilé iṣẹ́ fóònù àyàfi bí ilé iṣẹ́ náà bá ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, tó sì gbà láti máa sanwó lórí gbogbo fóònù tó bá ṣe, ìbáà jẹ́ ṣíìpù Qualcomm ló wà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ẹlòmíràn. Àwọn alátakò sọ ọ́ lórúkọ: kò sí ìwé àṣẹ, kò sí ṣíìpù.

Èkejì, kì í fún àwọn tó ń ṣe ṣíìpù bíi tirẹ̀ níwèé àṣẹ. Òfin kan wà tó sọ pé bí ẹni tó ni ìhùmọ̀ bá ti ta ọjà kan, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ọjà yẹn ti tán. Kò lè tẹ̀ lé ọjà dé ilé ẹni tó rà á. Bí Qualcomm bá fún Intel tàbí MediaTek níwèé àṣẹ, tí àwọn yẹn sì ta ṣíìpù wọn, kò ní rí ohun tó máa fi gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fi ṣíìpù náà ṣe fóònù mọ́.

Ẹ̀kẹta, kì í ṣe iye ṣíìpù ló ń ṣírò owó náà lé, iye odindi fóònù ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 5% ló ń bù lé e.

Nígbà tí a dé orí 5% yìí ni ẹni tó mú ìṣákọ́lẹ̀ wá gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ó ní kí a gbọ́ ìtàn bàbá tó bí ìyá òun. Bàbá yẹn fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ọdọọdún ló ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣu díẹ̀, epo kèrègbè kan àti obì ni. Bàbá ò ráhùn. Ó ní ẹni tó fún èèyàn nílẹ̀ tó ẹni à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí so gan-an, àwọn ọmọ onílẹ̀ dé, wọ́n wọ inú oko, wọ́n ka igi. Wọ́n ní bí igi bá ṣe pọ̀ tó ni ìṣákọ́lẹ̀ máa pọ̀ tó. Ohun tó dun bàbá dọjọ́ ikú ni pé àwọn ló ni ilẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun ló gbin igi.

"Ẹ wá wo fóònù," ó ní. "Kámẹ́rà rẹ̀, Qualcomm kọ́ ló ṣe é. Gíláàsì ojú rẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Bátìrì kì í ṣe tiwọn. Àmọ́ bí Apple bá fi kámẹ́rà tó dáa sí i, tí iye fóònù bá gòkè, 5% yẹn náà á gòkè. Igi tí wọn ò gbìn ni wọ́n ń kà."

A dákẹ́. Bí Apple náà ṣe rojọ́ nílé ẹjọ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò dárúkọ kòkó.

Ẹnì kejì wa ò gbà. Ó mú itel rẹ̀, ó yọ síìmù inú rẹ̀ sórí tábìlì. "Ó yá, kí ló kù? Tọ́ọ̀ṣì, rédíò, àti ibi tí èèyàn ti ń wo fọ́tò ara rẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì ló sọ ọ́ di fóònù. Ohun kan tún wà. Àwọn onílẹ̀ bàbá yín bá igbó nílẹ̀ ni, wọ́n jogún rẹ̀. Ta ló jogún CDMA? Àwọn èèyàn jókòó, wọ́n ronú, wọ́n ná owó rẹpẹtẹ sí ohun tí aráyé ní kò lè ṣiṣẹ́. Má fi ẹni tó ṣiṣẹ́ wé ẹni tó jogún. Ilẹ̀ kì í kú, àmọ́ ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ ń kú lẹ́yìn 20 ọdún."

"Ó ń kú, àmọ́ ó ń bímọ," ẹni àkọ́kọ́ fèsì. "Kí 3G tó darúgbó, wọ́n ti bí 4G. Kí 4G tó darúgbó, 5G ti dé."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí ka ìtàn ẹjọ́ náà jìnnà ju ojú ewé méjì tiwa lọ nìyẹn. Ohun tó tù wá nínú ni pé àwọn adájọ́ gan-an ò fẹnu kò.

Ní oṣù kejì ọdún 2015, ìjọba Ṣáínà bu owó ìtanràn 975 mílíọ̀nù dọ́là lé Qualcomm. Wọ́n tún ṣètò pé, lórí fóònù tí wọ́n bá tà ní Ṣáínà, 65% iye fóònù nìkan ni kí ó máa ṣírò owó rẹ̀ lé. Ẹni àkọ́kọ́ wa fọwọ́ lu tábìlì: "Ẹ rí i? Wọ́n ní kó má ka gbogbo igi mọ́!" Ní oṣù kejìlá 2016, àjọ tó ń ṣọ́ ìdíje ní Gúúsù Kòríà, ilẹ̀ tó gba CDMA mọ́ra nígbà tó ṣòro, bu ìtanràn 1.03 tírílíọ̀nù won lé e. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ fọwọ́ sí i ní 2023.

Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, FTC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn oníṣòwò kí wọ́n má pa ìdíje, pe Qualcomm lẹ́jọ́ ní oṣù kìn-ín-ní 2017. Ní oṣù yẹn kan náà ni Apple náà pè é. Adájọ́ Lucy Koh gbọ́ ẹjọ́ FTC ní oṣù kìn-ín-ní 2019. Jeff Williams, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá àgbà Apple, jẹ́rìí níbẹ̀ pé 7.50 dọ́là ni owó tó ń lọ sọ́dọ̀ Qualcomm lórí iPhone kọ̀ọ̀kan, pé ó pọ̀ lójú àwọn, àmọ́ pé àwọn nílò ṣíìpù rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, adájọ́ Koh gbé ìdájọ́ olójú ewé 233 jáde. Ó ní Qualcomm jẹ̀bi. Ó pàṣẹ pé kí ó máa fún àwọn tó ń bá a díje níwèé àṣẹ, kí ó má sì fi ṣíìpù fa ẹnikẹ́ni sídìí ìwé àṣẹ mọ́.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà kan náà dìde, ó lòdì sí FTC, ó gbè sẹ́yìn Qualcomm. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè wọ̀ ọ́. Wọ́n ní bí apá Qualcomm bá rọ, Amẹ́ríkà máa fà sẹ́yìn nínú eré 5G. Ìjọba kan náà ló ń lù ú, òun náà ló tún ń gbà á sílẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ 2020, àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn mẹ́ta fi ohùn kan yí ìdájọ́ Koh padà. Wọ́n ní òfin ìdíje ò fi dandan lé Qualcomm láti fún àwọn tó ń bá a díje níwèé àṣẹ. Wọ́n ní bí ó bá yẹ ìlérí FRAND, ẹjọ́ àdéhùn tàbí ti ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ nìyẹn. Wọ́n ní bákan náà ni owó náà rí, ìbáà jẹ́ ṣíìpù ta ló wà nínú fóònù, nítorí náà kò sẹ́ni tó fi ì dí olùdíje lọ́nà. Ní 2021, FTC jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Inú ìdájọ́ yẹn ni a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àṣìṣe tó burú jù. Adájọ́ Consuelo Callahan tó kọ ọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ìwà tó ń pa ìdíje, òfin kọ̀ ọ́. Èkejì ni ó pè ní "hypercompetitive", òfin ò kọ ìyẹn. Ọ̀kan nínú wa yára tú u sí "ìdíje àṣejù". A ti kọ ìlà méjì sí i kí a tó rántí. Yorùbá wo ló máa gbọ́ àṣejù tí kò ní rántí àṣetẹ́? Adájọ́ ní ọkùnrin ò jẹ̀bi, àwa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá a lẹ́bi padà! A pa á rẹ́, a kọ "fífi gbogbo agbára díje". Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí bà wá lórí ìṣákọ́lẹ̀ náà.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ìdíje fúnra rẹ̀? Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 2019, kí adájọ́ Koh tó dá ẹjọ́ tirẹ̀, Apple àti Qualcomm parí ìjà wọn, Apple sì tún fọwọ́ sí ìwé àṣẹ. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Intel, tó ń ṣe modem fún iPhone nígbà náà, ìyẹn apá tó ń bá òpó nẹ́tíwọ̀kì sọ̀rọ̀, kéde pé òun ò ṣe modem 5G fún fóònù mọ́. Ní oṣù keje, Apple gbà láti ra èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ka náà lọ́wọ́ Intel ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ọdún 2025 ni modem tí Apple fúnra rẹ̀ ṣe tó jáde, C1, nínú iPhone 16e. Ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ tó lówó jù láyé, odindi ọdún márùn-ún ó lé! Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò bó ṣe máa rí fún ẹni tí kò ní owó Apple. Ẹ tún wò ó pé ṣíìpù tara ẹni kò yọ èèyàn nínú ìwé àṣẹ. Èèyàn lè gbin igi tirẹ̀, ilẹ̀ ṣì ní olúwa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí fóònù mẹ́ta wa. Tecno, Infinix àti itel, ilé iṣẹ́ kan náà ló ni wọ́n: Transsion, ní ìlú Shenzhen ní Ṣáínà. Ní oṣù keje 2024, Qualcomm pe Transsion lẹ́jọ́ ní Íńdíà lórí ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀. Nígbà tí a rí ìròyìn yẹn, a wo ojú ara wa. Àwa tí a ní kò kàn wá! A wá rí i pé kò sí ohun tó kan Qualcomm nínú bí MediaTek ṣe wà nínú fóònù wa. Orí odindi fóònù ni owó rẹ̀ wà. Bí owó bẹ́ẹ̀ bá sì wọ inú iye tí ilé iṣẹ́ ń tà, ẹni tó rà á ní ọjà ló máa gbé e.

A mú ìwé àti bírò. Ní 2017, Qualcomm kéde 3.25% fún àwọn ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ rẹ̀ tó wà nínú ìlànà, lórí fóònù 5G tó tún ń lo 3G àti 4G. Ní 2018, ó ní bí fóònù bá ju 400 dọ́là lọ, 400 yẹn lòun máa kà. Fóònù tí ilé iṣẹ́ bá tà ní 200 dọ́là máa san 6.50 dọ́là. Fóònù tó bá tà ní 1,000 dọ́là máa san 13 dọ́là. Mẹ́tàlá nínú ẹgbẹ̀rún jẹ́ 1.3%. Lórí ìwé, ìdá tó ń jáde lára fóònù mẹ̀kúnnù ju ìlọ́po méjì ti fóònù olówó lọ. Lóòótọ́, iye tí wọ́n kéde nìyẹn, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń lọ dúnàádúrà tirẹ̀. Ẹnì kejì wa sì rán wa létí pé 13 ṣì ju 6.50 lọ. Àmọ́ ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ díẹ̀.

Ní òru kejì, ẹni tó jẹ ẹ̀bà ló là wá. Ó ní kí a má kọ ìṣákọ́lẹ̀, torí akọ̀ròyìn tí à ń tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sọ pé Qualcomm jẹ̀bi. Ó ní kí a má kọ owó àṣẹ náà, torí ẹni tó bá ní àṣẹ ti jàre kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí a kọ "owó ìlò ìhùmọ̀". Èèyàn lo nǹkan, ó sanwó rẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀, a kọ ọ́, a fi iṣẹ́ wa sílẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ náà padà dé, olùkọ́ wa fún wa ní máàkì tó dáa. Àmọ́ ó fi bírò pupa yí owó ìlò ìhùmọ̀ po ní gbogbo ibi tó ti hàn, ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Ó yé mi. Ta lẹ̀ ń bẹ̀rù?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá. A ò bẹ̀rù ẹnì kankan, a ní ojúsàájú là ń sá fún. A wá rántí pé ìyá ẹni ló ní kí iṣẹ́ náà yé, kì í ṣe òun. Nígbà ìsinmi, ẹni tó ni ìtàn kòkó gbé iṣẹ́ náà lọ sílé fún màmá rẹ̀. Màmá ka á látòkè délẹ̀, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ lẹ̀ ń sọ níbí yìí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè é bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ wọn ṣàlàyé. Ó gbìyànjú láti rojọ́ ẹnì kejì wa bó ṣe rò ó gan-an: "Màámi, àwọn yìí ò bá a nílẹ̀. Àwọn ló ronú ẹ̀, wọ́n fi owó ara wọn ṣe é. Tó bá sì pé 20 ọdún, kì í ṣe tiwọn mọ́."

Màmá ronú díẹ̀. "Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, kí wọ́n gba tiwọn. Ó tọ́ sí wọn. Àmọ́ kí wọ́n má ka igi."

Nígbà tí ó ròyìn rẹ̀ fún wa lórí fóònù, àwa méjì tó kù ò rí nǹkan kan sọ. Gbogbo 233 ojú ewé, ìtanràn Ṣáínà, ti Kòríà, ìdájọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni màmá tẹ ìka sí. Kò sẹ́ni tó jiyàn pé kí Qualcomm má gbowó. Ohun tí wọ́n ń jà lé ni ibi tí wọ́n á ti máa ṣírò owó náà: ṣé orí ṣíìpù tó gbé ọgbọ́n wọn ni, àbí orí gbogbo ohun tí ẹlòmíràn kó yí i ká. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní òfin ìdíje ò lè bá wọn dá sí ìyẹn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ àìdá sí òfin kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti tán lọ́kàn ẹni tó gbin igi.

Bí wọ́n bá ní kí a tún iṣẹ́ náà ṣe lónìí, a ṣì máa kọ owó ìlò ìhùmọ̀ nínú ìròyìn náà, torí ẹni tó ń túmọ̀ kì í ṣe adájọ́. Àmọ́ a máa kọ ìpínrọ̀ kan ṣáájú rẹ̀, tí a ó fi sọ fún òǹkàwé pé ọ̀rọ̀ kan wà tí a fi sílẹ̀, ìdí tí a fi fi í sílẹ̀, àti ẹni tó máa bínú bí a bá kọ ọ́. Ohun tó yẹ kí a ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ògbufọ̀ nílé iṣẹ́ rédíò àti nílé ẹjọ́, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju tiwa lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Bí ẹ bá sì wà ní ilé, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn màmá yín léèrè.